Àkọsílẹ̀ Tí Kò Ṣeé Pa Rẹ́: Kọ̀ǹpútà àti Ìṣọ́ra Nínú Ilé-iṣẹ́ Oògùn



Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́; ṣùgbọ́n ojú gbogbo wa ló ṣe, láàárín ìparí ọdún 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, tí ọmọ tó lé ní 80 ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, àwọn arọ́pò ìyá àti bàbá, fi kú nítorí oògùn eyín olómi tí ń jẹ́ My Pikin. Diethylene glycol, májèlé tí í ba kídìnrín jẹ́, ni ó wọ inú rẹ̀ dípò propylene glycol, omi tí a fi ń po irú oògùn bẹ́ẹ̀. Májèlé yìí kan náà ti ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn àti Jọ́ọ̀sì ní ọdún 1990, ó sì ti pa ènìyàn tó lé ní 100 ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1937.

Diethylene glycol àti propylene glycol, omi méjèèjì kò láwọ̀, wọ́n ki díẹ̀, wọ́n sì ń dùn díẹ̀ lẹ́nu. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: láti ẹnu ọ̀nà tí àgbá èròjà gbà wọlé ni a ti í ṣọ́ oògùn, kì í ṣe ìgbà tí ó bá wọ ìgò tán, ìṣọ́ náà kò sì lè lágbára ju àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ. Òkèèrè ni olójú-jínjìn ti í mú ẹkún sun.

Inú ìwé ni a ti ń ṣe àkọsílẹ̀ yìí tipẹ́. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ lè dúró di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó fi iyè kọ ìwọ̀n tí ó wọ̀n láàárọ̀; ọ̀gá lè fọwọ́ sí ohun tí kò fojú rí; ẹlòmíràn a sì fa ojú ewé ya, a tún un kọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ oògùn, kí òtítọ́ tó dé, wọ́n ti sin ọmọ.

Ẹ wá wo bí ó ti rí níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣọ́ iṣẹ́. Àgbá dé, ó gba nọ́ńbà tirẹ̀, kọ̀ǹpútà sì yà á sọ́tọ̀. Bí a bá gbé e dé yàrá ìpòògùn tí yàrá àyẹ̀wò kò tíì fọwọ́ sí i, kọ̀ǹpútà kò ní gbà kí iṣẹ́ tẹ̀ síwájú. Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sínú àkọsílẹ̀. Ẹni tí ó bá yí iye kan padà, iye ti àtijọ́ kò ní parẹ́, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí yóò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí ni òfin FDA, àjọ tí ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, 21 CFR Part 11 ti ọdún 1997, là kalẹ̀, òun náà ni ó sì sọ pé ìbuwọ́lù ẹnì kan kò gbọdọ̀ di ti ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ márùn-ún bá ń fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo wọlé sórí kọ̀ǹpútà, asán ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin onílé-iṣẹ́ tí ẹ ń sọ pé owó rẹ̀ pọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà: kí ẹ yẹ gbogbo àgbá wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èsì rẹ̀ sì wọ inú àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni, títí dórí ẹ̀yin alára, kò lè pa rẹ́. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kí ó má ṣe po oògùn fún ọmọ ọlọ́mọ.