Ẹ̀sùn Ẹfúnṣetán

Ọ̀pọ̀ wa ló ń gba iwájú ère Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà kọjá ní Challenge. Bí àwọn ọmọ wa obìnrin bá bi wá pé ta ni, eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá la fi ń dáhùn: ìkà ni! Eré náà dùn, a ò bá a jà. Ó sì le mọ́ ẹrú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà kà sí i lẹ́sẹ̀ ní 1874: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ogun ránṣẹ́, kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ ẹrú dà níbẹ̀? Nínú eré, ó gbé májèlé jẹ. Nínú ìtàn, wọ́n pa á lórí ibùsùn lóru. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti kú sórí ìkúnlẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ tẹnu rẹ̀.