BMJ, Lancet, N Engl J Med: Kí ni wọ́n ń sọ gan-an?

Ẹ mú fóònù yín dání, a máa lò ó lónìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àǹtí mi kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa: ká má gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi fún ọmọ kankan mọ́, pé ó ń fa autism. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ rèé: Lancet 1998;351:637-41. Gbogbo wa pa lọ́lọ́. Àbúrò mi obìnrin, tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án, ní òun ò lọ gba abẹ́rẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká tú u. Lancet ni jọ́nà ìṣègùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London lọ́dún 1823. 1998 ni ọdún, 351 ni ìdìpọ̀, ojú ìwé ni ìyókù: 637 sí 641. Orúkọ Lancet ti kúrú tẹ́lẹ̀. Àwọn tó gùn ni wọ́n ń gé: New England Journal of Medicine di N Engl J Med, African Journal of Medicine and Medical Sciences tiwa n'Ìbàdàn di Afr J Med Med Sci. Med méjì yẹn kì í ṣe àṣìkọ o! BMJ ní tiẹ̀, British Medical Journal ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti 1988, lẹ́tà mẹ́ta yẹn ti di orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí Br Med J nínú ìwé àtijọ́.

Àdírẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Àdírẹ́sì á mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Kò ní sọ irú ẹni tó ń gbé inú ilé.

Mo bá tẹ ti àǹtí mi sínú PubMed, ọ̀fẹ́ ni. Ilé náà wà lóòótọ́: iṣẹ́ Andrew Wakefield àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ọmọ 12 péré. Àmọ́ wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà síwájú àkọlé rẹ̀: RETRACTED. Lancet fúnra rẹ̀ ló fagi lé e lọ́dún 2010. Lọ́dún 2011, BMJ gbé e jáde pé èrú wà nínú iṣẹ́ náà.

Mo ya àwòrán ojú fóònù mi, àǹtí nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí, kí ojú má baà tì wọ́n láàárín ẹbí. Wọ́n ní, "Ṣé o wá gbọ́n ju Lancet lọ ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú mà, Lancet gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀."

Wọn ò fèsì. Ṣùgbọ́n kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Àbúrò mi sì gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè.