Ìdí Tẹ́ Ò Fi Rí Fídíò Àwọn Ọlọ́kadà Wa Mọ́

Lónìí mi ò pe àlejò kankan. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń béèrè nípa ẹgbẹ́ àdúrà àwọn ọlọ́kadà tí mo máa ń mẹ́nu bà, pé báwo la ṣe bẹ̀rẹ̀, pé kí ló dé tí fídíò wa kò jáde mọ́.

Ká sọ tòótọ́, ọ̀nà jíjìn ni mo ti lọ wá ọgbọ́n. Mo kà nípa Christian Motorcyclists Association ní Amẹ́ríkà. Pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ Herb Shreve ló dá a sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Arkansas lọ́dún 1975. Òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ò gbọ́ra wọn yé mọ́, ló bá ra àlùpùpù kí wọ́n lè jọ máa gùn ún. Ibẹ̀ ló ti rí i pé àwọn tó ń gun àlùpùpù pọ̀ lọ bíi rẹrẹ, ṣùgbọ́n àwọn oníwàásù kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Orí mi wú. Mo ti ń ro jákẹ́ẹ̀tì aláwọ tí a máa wọ̀, báàjì tí a máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, bí a ṣe máa tò láti Kútọ̀ dé Àkẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ, nínú oòrùn Abẹ́òkúta! Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi.

Mo pe ìpàdé àkọ́kọ́ sí aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan. Èèyàn mẹ́ta ló wá. Ọ̀kan nínú wọn wá béèrè bóyá mò ń lọ síbì kan ni.

Bàbá àgbà kan ní páàkì Pánṣẹ́kẹ́ ló là mí lójú. Ó ní, "Àbúrò, ṣé o fẹ́ kébi pa wá ni?" Ẹni tó gun àlùpùpù lọ́jọ́ Sátidé lọ́hùn-ún, fàájì ló ń ṣe. Tiwa níbí, ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe òun ló ni máṣìn tó ń gùn. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí owó ojoojúmọ́ tó máa kó fún ẹni tó ni ín, kó rówó epo, kó gba tíkẹ́ẹ̀tì, kó tó kan èyí tí ìyàwó máa fi se ọbẹ̀. Aago mẹ́wàá tí mo dá yẹn, ìgbà yẹn gan-an làwọn èrò ọjà máa ń pọ̀. Bàbá ní, "Tó o bá fẹ́ rí wa, wá bá wa níbi tá a wà, láàárọ̀ kùtù."

Ó yẹ kí èmi ọmọ Ẹ̀gbá ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Townsend dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kìíní 1843, kì í ṣe pé ó kàn já wọ ìlú tí kò ti sẹ́ni tó mọ ohun tó bá wá. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó ti Sàró padà wálé ti wà níbẹ̀, àwọn ló ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n rán oníwàásù sí wọn. Ibi táwọn èèyàn wà ni wọ́n bá wọn lọ.

Bá a ṣe kó ìpàdé lọ sí páàkì nìyẹn. Aago mẹ́fà kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la máa ń bẹ̀rẹ̀, tó bá ti lu mẹ́fà, ó parí. Orin kan, ẹsẹ Bíbélì kan, àdúrà, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tó ti kírun Àsùbáà tán máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn kan nínú wọn ń ṣe àmín. A ò lé ẹnikẹ́ni. Àwọn tó sá kúrò l'Ékòó náà wà láàárín wa, ẹ rántí òfin tó de ọ̀kadà níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2020, àti òmíràn ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2022.

Ọ̀rọ̀ Ògún fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ẹnì kan ra máṣìn tuntun, ó bu epo pupa sí táyà rẹ̀, ó pa àkùkọ sí i, ó sì wá bá wa ṣàdúrà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn kan ní kó máa lọ. Mo ti ń wá ẹsẹ Bíbélì tí mo máa fi bá a wí. Bàbá ní kó jókòó, pé ẹni tí ẹ̀rù ọ̀nà ń bà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ̀rù kì í ba àwa ni? Ó ṣì wà pẹ̀lú wa di òní.

Ohun tó jẹ́ ká pọ̀ kì í ṣe ìwàásù mi. Ọ̀kan nínú wa ṣubú, ó fẹsẹ̀ dá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi pín ọjọ́ mọ́ra wa lọ́wọ́, ẹnì kan gbé ìyàwó rẹ̀ lọ ọjà, ẹnì kan gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀. Àwọn ará páàkì ń wò wá. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tí mi ò pè rí bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ fídíò.

Iṣẹ́ mi ni kí n gbé kámẹ́rà, kò sígbà tí ojú mi kì í wá ohun tó máa dùn lójú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́kùnrin kan dìde jẹ́rìí. Ó ní òun ti ń purọ́ fún ọ̀gá tó ni máṣìn òun, pé ọlọ́pàá gba owó lọ́wọ́ òun, nígbà tó jẹ́ pé òun lòun ná an. Ó ń sunkún. Ó ní òun fẹ́ jáwọ́. Mo ti ká a sílẹ̀. Mi ò bi í bóyá kí n gbé e jáde. Mo fi orin sí i lábẹ́, mo gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn èèyàn ti ń pín in kiri, inú mi ń dùn.

Ọ̀gá rẹ̀ wò ó. Ó gba máṣìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó gbọ́. Mo lọ sílé ọmọkùnrin náà ní Lafẹ́nwá. Ó ti ń ru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Kò bú mi. Ó bi mí pé, "Bùrọ̀dá, èèyàn mélòó ló wò ó?" Mo mọ iye wọn, ẹnu mi ò gbà á láti sọ.

Èmi àti bàbá lọ bẹ ọ̀gá náà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n owó òun ńkọ́? Nígbà tá a padà dé páàkì, àwọn kan ní ká fi owó àjọ wa san án. Àwọn mìíràn ní ṣé owó olóògùn làwọn fẹ́ fi san gbèsè olè? Mi ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jìnnà. Èmi ni mo tú àṣírí, kì í ṣe àjọ. Mo ta lẹ́ǹsì kan tí mo fẹ́ràn, mo san gbèsè náà. Ọ̀gá gba owó. Kò dá máṣìn padà, ó ti gbé e fún ẹlòmíràn.

Láti ìgbà yẹn, kámẹ́rà kì í dé ìpàdé wa. Ẹ má béèrè fídíò lọ́wọ́ mi mọ́.

Ọmọkùnrin náà ti rí máṣìn mìíràn gùn, apá Àdàtán ló ń ná. Kò padà sí ìpàdé. Tá a bá pàdé lójú ọ̀nà, ó máa ń fun fèrè sí mi lẹ́ẹ̀kan, èmi náà á juwọ́ sí i, á sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ẹ ó gbóhùn mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.