Ilẹ̀kùn tí Nora Pa Dé

Eré onítàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni èyí tí Henrik Ibsen, ọmọ ilẹ̀ Norway, kọ ní ọdún 1879, tí a lè pè ní Ilé Ọmọláńgidi.

Ọdún mẹ́jọ ni Nora ti wà nílé ọkọ, ó sì ti bí ọmọ mẹ́ta fún Torvald, ẹni tí ó kù díẹ̀ kí ó di ọ̀gá ilé ìfowópamọ́. Nígbà tí àìsàn fẹ́ mú Torvald lọ, Nora ni ó yá owó ní ìkọ̀kọ̀ láti gbé e lọ sí Ítálì. Obìnrin ilé ọkọ kò lè yáwó láìjẹ́ pé ọkọ fọwọ́ sí i. Nítorí náà ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ni ó kọ sínú ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ni baba ti kú! Ibẹ̀ ni olówó ti rí i mú.

Torvald gbọ́, ó bínú, ó ní Nora kò gbọdọ̀ tọ́ àwọn ọmọ òun mọ́. Kò pẹ́, olówó dá ìwé gbèsè padà, Torvald sì ké pé òun ti bọ́. Ẹ kíyè sí i: òun, kì í ṣe àwa. Lójú tèmi, níbẹ̀ ni ìgbéyàwó náà ti fọ́, kí Nora tó bọ́ òrùka.

Àwọn tí ń bá Nora wí a máa béèrè pé, àwọn ọmọ mẹ́ta tí ń sùn ńkọ́? Olùkọ́ni ni mí. N kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbéèrè yẹn. Ní Jámánì ní ọdún 1880, Hedwig Niemann-Raabe, gbajúmọ̀ òṣèrébìnrin, kọ̀ láti ṣe ìyá tí ó fi ọmọ sílẹ̀. Ibsen tìkára rẹ̀ kọ ìparí mìíràn fún wọn, kí ẹlòmíràn má bàa ba eré náà jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: Torvald fa Nora dé ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, kò sì lè lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ìwà òǹrorò ni Ibsen pe àtúnkọ náà, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí a fi ọmọ dè mọ́lé kò tíì yan ilé náà.

Nínú eré rẹ̀ ti ọdún 1888, èyí tí ó jẹ mọ́ obìnrin òkun, Ellida fẹ́ bá àjèjì atukọ̀ kan lọ. Dókítà Wangel, ọkọ rẹ̀, yọ̀ǹda fún un pé kí ó yan èyí tí ó wù ú. Ellida sì dúró. Nítorí náà n kò ka Ibsen sí ọ̀tá ìgbéyàwó.

Nora yóò ha padà bí? Ó ní àfi bí ìyanu tí ó tóbi jù lọ bá ṣẹlẹ̀, kí àwọn méjèèjì yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbépọ̀ wọn yóò fi di ìgbéyàwó. Torvald jókòó, ó bo ojú, ó dìde, ìrètí kan sọ jí nínú rẹ̀. Nígbà náà ni a gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ńlá nísàlẹ̀.