Bọ́ọ̀lù Irin Nínú Àpótí Onígíláàsì

Ní agbègbè Chicago ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn olólùfẹ́ pinball, eré bọ́ọ̀lù irin inú àpótí onígíláàsì, ti ń péjọ sí Pinball Expo láti ọdún 1985, ẹni tó bá ti san owó ẹnu-ọ̀nà kò tún ní í ki ẹyọ owó bọ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀ kí ó tó ṣeré. Nínú àwọn tí a fi ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ṣe, Twilight Zone ni ààyò tèmi, èyí tí Pat Lawlor ṣe fún ilé-iṣẹ́ Bally ní 1993, nítorí pé láàárín àwọn bọ́ọ̀lù irin inú rẹ̀, ọ̀kan wà tó funfun, aláìgbọ́-ti-òòfà, tó fúyẹ́ ju irin lọ. Bí ó bá ń já bọ̀, wàràwàrà là á yọ oró iná, kí ìka olùṣeré ti wà lórí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ àpótí tó ń mú àwọn apá ìgbábọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́. Ní ti Attack from Mars ti 1995, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará Mars ni wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù gbá títí yóò fi máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mi àpótí jù, irin kékeré kan tí a so rọ̀ sínú rẹ̀ ni yóò fẹjọ́ rẹ̀ sùn: àwọn apá ìgbábọ́ọ̀lù yóò kú, bọ́ọ̀lù ọ̀hún yóò sì ṣòfò.