Jẹjẹrẹ Ọpọlọ Tí Kò Láàlà

Ẹ̀yin òbí ní Òṣogbo àti Iléṣà, jẹjẹrẹ ọpọlọ kan ń bẹ tí kì í dì ní kókó. Ńṣe ló ń wọnú ọpọlọ bí aró ṣe ń wọnú aṣọ. Ọ̀bẹ kò lè gé e tán.

Bí ó bá mú ọmọ, ẹyinjú rẹ̀ lè máa wo ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó máa ṣubú láìnídìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ibà. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà. Ẹ̀rọ MRI ló ń ya àwòrán ọpọlọ àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn dáadáa.

Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àyípadà àbùdá kan, H3 K27M, dá irú jẹjẹrẹ yìí kan mọ̀; láti 2021, H3 K27M nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ mọ́. Bí dókítà bá fẹ́ bu díẹ̀ lára jẹjẹrẹ náà ṣàyẹ̀wò, irú àyípadà bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń wá.