ÌWÉ TÍ A DÌ ÀTI ÌWÉ TÍ KÒ LÓRÚKỌ
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ìjòyè àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Òkèhò

A fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ti wọ ilé gbogbo wa tán kí a tó mọ irú ohun tí í ṣe. Ohun náà ni ímeèlì, lẹ́tà tí kò ní bébà, tí olúkúlùkù ń gbé kiri nísisìyí nínú fóònù tí ó wà nínú àpò rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àwọn baba wa kò mọ ohun tí a ń pè ní àṣírí. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń pàrokò. Bí ẹnìkan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, tí ó sì fi rán ọmọdé sí ẹni tí ó fẹ́ràn, ẹni náà mọ̀ lójú kan náà pé ọkàn rẹ̀ fà sí òun. Ọmọdé tí ó gbé e kò rí ju owó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó gba àrokò náà mọ ẹni tí ó rán an, àwọn ará àdúgbò sì rí ọmọdé náà bí ó ti jáde nínú ilé kan tí ó sì wọ òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà pamọ́, olóhùn rẹ̀ kò pamọ́. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ̀nyí, àwọn tí ń lo fóònù lónìí sì ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ní ọdún 2014 ni àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Switzerland gbé ProtonMail kalẹ̀. Bí ẹni méjì tí ń lò ó bá kọ̀wé sí ara wọn, a ó ti lẹ́tà náà pa láti ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ títí dé ọwọ́ ẹni tí a kọ ọ́ sí, tó bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà pàápàá kò lè kà á. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn gbà pé ààbò ti parí níbẹ̀. Ní ọdún 2021, àwọn aláṣẹ Switzerland, nítorí ìbéèrè tí ó ti ilẹ̀ Faransé wá, pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ náà pé kí ó kọ nọ́ńbà ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì tí ajìjàgbara kan ń gbà wọlé sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì gbà á. Kò sí ẹni tí ó ka lẹ́tà rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọlé ni ó tú u fó.

Nílé níhìn-ín pẹ̀lú, ní oṣù August 2018, àwọn ọlọ́pàá mú Samuel Ogundipe, akọ̀ròyìn Premium Times, nítorí tí ó kọ̀ láti sọ ẹni tí ó fún un ní ìròyìn kan. Ìwádìí tí ẹgbẹ́ CPJ tí ń dáàbò bo àwọn akọ̀ròyìn gbé jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé àkọsílẹ̀ ìpè fóònù ni àwọn ọlọ́pàá fi tọpa dé ọ̀dọ̀ àwọn akọ̀ròyìn bí tirẹ̀. Ẹni tí a pè, àti ìgbà tí a pè é, ti tó láti mú ènìyàn; kò di ìgbà tí a bá gbọ́ ohun tí ó sọ.

Àwa mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò bèèrè pé kí ni ọmọlúwàbí ń fi ìwé tí kò lórúkọ ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé ojo àti abanijẹ́ ni a mọ̀ mọ́ ọn. Òótọ́ ni apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà, a kò sì ní gbèjà ẹni tí ó fara pamọ́ láti ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù December 2016 ni ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ pe gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n wá tú àṣírí àwọn tí ń jí owó ìlú, ó sì ṣí ọ̀nà ímeèlì àti fóònù sílẹ̀ fún wọn. Ní oṣù April 2017, nípa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àjọ EFCC rí owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 43 dọ́là nínú ilé kan ní Ìkòyí, l'Ékòó. Bí akọ̀wé kékeré kan ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan bá rí i tí a ń jẹ owó omi ẹ̀rọ ìlú mọ́lẹ̀, tí ó sì ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, ta ni yóò dá a lẹ́bi pé kò kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé?

Ẹni bẹ́ẹ̀ ni ewu fóònù pọ̀ fún jù lọ. Kí ìlú wa tó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ní ọdún 1917, ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé yóò gba ojú oníbodè kọjá. Fóònù ní oníbodè tirẹ̀. Láti oṣù December 2020 ni ìjọba ti pàṣẹ kí a so gbogbo káàdì SIM pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní NIN. Òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ pa àkọsílẹ̀ ìlò wa mọ́ fún ọdún méjì. Lóòótọ́, abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dáàbò bo ilé wa, lẹ́tà wa àti ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lórí fóònù; ṣùgbọ́n abala 45 fi àyè sílẹ̀ fún ìjọba láti gba ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí ààbò ìlú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ ṣí ímeèlì tí kò lórúkọ ti kọ orúkọ sí i tán. Bí ó bá fi àwòrán ìwé kan ránṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ibi tí ó dúró sí nígbà tí ó yà á wà nínú àwòrán náà láìhàn sójú. Ohun tí ó sàn fún un ni kí ó ṣí àpótí tuntun láìfi nọ́ńbà tirẹ̀ sí i, kí ó máa gba inú Tor Browser wọ̀ ọ́, èyí tí a ti lè lò lórí fóònù Android láti ọdún 2019, kí ó má sì ṣe fi ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe é láéláé.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni èyí kàn. Èyí tí ó kàn wá jù ní Òkèhò kéré sí i, ó sì burú jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa, àti àwọn ọmọ wa tí ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ẹlòmíràn ni ó bá wọn ṣí ímeèlì wọn. Ọmọkùnrin tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ló yan ọ̀rọ̀ aṣínà, ó kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ rẹ̀, nígbà mìíràn ó sì fi nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ sí ibi tí a ó máa fi ránṣẹ́ bí ẹni tí ó ni ín bá gbàgbé. Kì í ṣe olè. Oníbàárà ni kò bèèrè. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ìwé àjákọ náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè ka ìwé ilé ìfowópamọ́, ìwé ilẹ̀, àti lẹ́tà ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù tí a gbé sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n bá wa fi iná sí i: lẹ́tà tí ó bá wọlé ń yọ sójú rẹ̀ bí a tilẹ̀ ti tì í pa, àfi bí a bá pàṣẹ fún un kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, a bẹ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pé ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ kí olúkúlùkù mú fóònù rẹ̀ wá. Àwọn ọ̀dọ́ wa yóò jókòó ti àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò fi ibi tí a ti ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà hàn wọ́n, wọn yóò sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí àgbà bá ń kọ tuntun. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò jọ wo nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀ bóyá tiwọn ni, àti orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí ó ṣí àpótí náà sílẹ̀. Èyí tí wọn kò bá mọ̀, kí wọ́n lé e jáde.